Ọmọ Kan, Ìyá Àgbà Méjì

Ẹ sún mọ́ ibí, Ìyá Ìbejì. Ẹ fa àpótí yẹn jókòó, ṣùgbọ́n ẹ rọra o, ẹsẹ̀ ẹ̀ kan ti fẹ́ yọ. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé agboolé yìí ni, ẹ ò tíì mọ ohun tó ń lọ láàárín ilé òkè àti ilé ìsàlẹ̀. Ọmọdékùnrin tí ẹ rí lánàá tó ń sáré kiri láìwọ ṣòkòtò, tí àgbàlagbà méjì ń lé, tí ọ̀kan ń pè é ní "ọkọ mi", tí èkejì ń pè é ní "bàbá mi", ọ̀rọ̀ ẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ sọ fún yín. Èmi kì í ṣe olófòófó o! Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní gbogbo Kúdẹtì. Ẹ̀pà ni mo ń tà. Àmọ́ ibi tí mo ń jókòó sí bó ẹ̀pà yìí, ẹnu ọ̀nà ilé òkè rèé lápá ọ̀tún, fèrèsé ilé ìsàlẹ̀ rèé lápá òsì, kànga rèé láàárín. Kí ni kí n wá ṣe? Kí n ki òwú bọ etí?

Ilé òkè lẹ ti máa bá Ìyá Ìjọ, tí wọ́n ta èlùbọ́ ní Oríta Mẹ́rin títí orúnkún fi ní ó tó. Ilé ìsàlẹ̀ ni Alhaja, aláṣọ òkè, tí kò sẹ́ni tí kò mọ̀ wọ́n ní ọjà Òjé. Wọ́n ti ń bára wọn gbé kí n tó wọlé ọkọ síbí. Wọn kì í jà, wọn kì í sì í ṣọ̀rẹ́. Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú alẹ́. Ẹran Iléyá á gòkè, ìrẹsì Kérésì á sọ̀ kalẹ̀. Ó parí síbẹ̀. Ìyẹn kí ọmọkùnrin Ìyá Ìjọ àti ọmọbìnrin Alhaja tó bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé lẹ́yìn balùwẹ̀. Ta ló kọ́kọ́ rí wọn? Ẹ má jẹ́ n yin ara mi. Omi ni mo lọ dà nù, òṣùpá sì wà lókè lọ́jọ́ náà.

Bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe dàrú tó sì tún tò, ìtàn ọjọ́ mìíràn ni, agbọ̀n ẹ̀pà kan ò ní gbà á. Kí n ṣáà sọ pé Lèmọ́mù so yìgì lọ́jọ́ Jímọ̀, àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì súre fún wọn lọ́jọ́ Sátidé, oúnjẹ ò sì wọ́n lọ́jọ́ méjèèjì. Oyún dé. Oyún wà nínú oṣù kẹjọ ni Bàbá Tẹ́lọ̀, ọkọ Ìyá Ìjọ, dágbére fáyé. Ọmọ wá dé, ọkùnrin, iwájú orí ẹ̀ yọ gọngọ, ti Bàbá Tẹ́lọ̀ gẹ́lẹ́. Kí ni kí wọ́n wá sọ ọ́? Ẹ̀yin náà mọ orúkọ tí Yorùbá ń sọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ dùn mọ́ mi. Lèmọ́mù ní nínú Ìsìláàmù, ẹni tó bá ti lọ kì í padà wá sáyé. Àlùfáà ní bákan náà ló rí nínú ẹ̀sìn Kírísítì. Ìyá Ìjọ ní àmín, Alhaja ní àmín. Ó di ọjọ́ kan, ọmọ tí kò tíì lè rìn dáadáa wú ikọ́, ó wá na ìka sí gèlè Ìyá Ìjọ, ó ń ṣe "ùn-ùn, ùn-ùn", bí Bàbá Tẹ́lọ̀ ṣe máa ń ṣe bí aṣọ kan ò bá dára lára èèyàn. Ìyá Ìjọ ti kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wí nǹkan kan: "Bàbá mi, ẹ má bínú, n ó pààrọ̀ ẹ̀." Wọ́n sì pààrọ̀ gèlè náà o. Mo yíjú sí Alhaja, tí ẹ̀sìn wọn le jù, mo rí i tí orúnkún tiwọn náà tẹ̀ díẹ̀. Mo kàn ń bó ẹ̀pà mi lọ.

Ọmọ náà ti ń lọ sí ọdún márùn-ún báyìí. Nọ́ọ̀sì ni ìyá ẹ̀, bí kò bá wà lẹ́nu iṣẹ́ òru, á wà lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀sán. Èkó ni bàbá ẹ̀ wà, ọjọ́ Jímọ̀ tó bá rí ọ̀nà ló ń wálé. Ọwọ́ àwọn ìyá àgbà lọmọ wà. Ibẹ̀ sì ni ìwàásù ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Ìjọ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ohun tí ọmọ yìí bá ti ṣe, wọ́n á rí ẹ̀kọ́ nínú ẹ̀. Ó wọ bàtà òsì sẹ́sẹ̀ ọ̀tún, ẹ̀kọ́ ni. Ó sùn nígbà tí àlùfáà ń wàásù, ẹ̀kọ́ ni: wọ́n ní ẹ wo ìfọ̀kànbalẹ̀. Lọ́jọ́ tó gbé bọ́tìnì mì, tí gbogbo agboolé dìde, tí ìyá ẹ̀ ní kò léwu, ká ṣáà máa wo ìgbẹ́ ẹ̀, Ìyá Ìjọ ní ọ̀rọ̀ Jónà ló délẹ̀ yìí, pé yóò jáde lọ́jọ́ kẹta. Ó jáde lóòótọ́. Ọjọ́ kejì ni, kì í ṣe ọjọ́ kẹta. Ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ̀. Mo sọ fún wọn pé ìṣirò yẹn ò bára mu, wọ́n ní ìgbàgbọ́ mi ló kéré.

Èmi ò fẹ́ràn irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, kí n sọ tèmi. Ọmọdé a máa gbé bọ́tìnì mì. Ẹni tó bá ń fi tipátipá fa ẹ̀kọ́ yọ nínú gbogbo nǹkan, lọ́jọ́ kan ìfun ló máa bá ọwọ́ ẹ̀ jáde. Àmọ́ ti àdúrà oúnjẹ yẹn, n kò lè bú wọn sí i.

Ògì àti àkàrà ni láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìyá Ìjọ ní kí bàbá gbàdúrà. Ọmọ di ojú pinpin. Ó kọ́kọ́ ní Bísímílà, torí pé ilé ìsàlẹ̀ ló sùn mọ́jú. Ó rántí pé òkè lòun wà, ó ní lórúkọ Jésù. Ó wá bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́run, ẹ ṣé. Ìkòkò, ẹ ṣé. Iná, ẹ ṣé. Ṣíbí, ẹ ṣé. Ó kí aláàkàrà, ó kí ẹ̀wà, ó kí ẹni tó lọ ẹ̀wà. Ó kí ìyá àgbà òkè, ó kí ti ìsàlẹ̀. Ó dárúkọ èmi náà, ó ní Ìyá Ẹlẹ́pà, ẹ ṣé, ẹ̀pà yín dùn. Ẹ ò rí i pé n kò lè sọ̀rọ̀ ọmọ yìí láìdáa láéláé! Ó wá kan ewúrẹ́ Bàbá Alágbẹ̀dẹ, èyí tó gbé àkàrà lọ lọ́wọ́ ẹ̀ lánàá ọjọ́ náà. Ó dákẹ́. Ó la ojú kan. Ó ní, "Ewúrẹ́, o ò ṣeun." Ó ní àmín.

Ògì ti dì kí wọ́n tó bu ṣíbí kan. Ìyá Ìjọ gbé ọ̀rọ̀ náà, ó di ìpàdé àwọn ìyá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Èmi ni mo ń gbé ẹ̀pà lọ fún wọn níbẹ̀, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo sì máa ń dúró gba owó mi. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbọ́ àdúrà wa ná. 'Fún mi' ló fi ń bẹ̀rẹ̀, 'fún mi' ló fi ń parí, àwọn ọ̀tá ló wà láàárín." Wọ́n ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan dìde, kí ó dúpẹ́, kó má tọrọ nǹkan kan. Ẹ ò bá wà níbẹ̀! Ìyá kan dúpẹ́ ẹ̀mí, ó dúpẹ́ ọmọ, ó dúpẹ́ pé òjò rọ̀. Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu ẹ̀. Ó yí síbí, ó yí sọ́hùn-ún, ó ní, "Àti gbogbo àwọn tó ní n kò ní rí ire, Bàbá, ẹ jẹ́ kí wọ́n..." Wọ́n ní kó jókòó.

Wọn ò mẹ́nu ba ewúrẹ́ nípàdé náà, mo ṣàkíyèsí ìyẹn. Nígbà tí à ń bọ̀ nílé, mo bi wọ́n pé ẹ̀kọ́ wo ló wà nínú ti ewúrẹ́. Wọ́n dúró lójú ọ̀nà. Wọ́n ní, "Ọmọ yẹn ò purọ́ fún Ọlọ́run. Ìwọ ò tíì rí ẹni tó ní òun ti dárí ji ọ̀tá òun, tó sì ń fi gìgísẹ̀ gún ilẹ̀?" Mo ní mo ti rí i. Mo tiẹ̀ lè dárúkọ wọn. Wọ́n ní kí n má dárúkọ wọn.

Alhaja wá gbọ́ pé ọmọ ọmọ wọn ti di ìwàásù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ta ló sọ fún wọn? Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, agboolé tóbi. Wọn ò bínú, wọ́n kàn ní ká fún àwọn lásìkò díẹ̀.

Kò pẹ́ ni ti ìrun Alásárì ṣẹlẹ̀. Mo rí wọn láti ojú fèrèsé tí wọ́n tẹ́ ẹní ìkírun, wọ́n forí kanlẹ̀. Ni ọmọ bá jáde láti ẹ̀yìn àga, ó gùn wọ́n gbaga, ó di ìbòrí mú, ó ní "Kẹ̀ẹ̀! Kẹ̀ẹ̀! Ẹṣin, lọ!" Alhaja ò mira. Mo bó ẹ̀pà, bó ẹ̀pà, wọ́n ṣì wà nílẹ̀. Mo rò ó pé kí ló dé, ṣé kì í ṣe pé nǹkan ti ṣe ìyá yìí? Mo gbé agbọ̀n kalẹ̀, mo ti dé ẹnu ọ̀nà kí ọmọ náà tó rí aláǹgbá, tó bọ́ sílẹ̀, tó tẹ̀ lé aláǹgbá lọ. Ni Alhaja bá gbórí sókè, wọ́n bá ìrun wọn lọ títí wọ́n fi sálámà.

Mo ní, "Alhaja, orúnkún yín ńkọ́?" Wọ́n ní orúnkún ń dùn wọ́n, àmọ́ kí n jókòó. Wọ́n wá sọ fún mi pé Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ṣíwájú àwọn èèyàn kírun lọ́jọ́ kan, ó forí kanlẹ̀, kò gbé e mọ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn ẹ̀ rò pé nǹkan ṣe é, àbí pé ọ̀rọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ fún un láti òkè. Nígbà tí ìrun parí, ó ní kì í ṣe ọ̀kankan nínú ẹ̀. Ọmọ ọmọ òun ló gun òun, òun ò sì fẹ́ kán an lójú kó tó ṣeré tẹ́rùn. Wọ́n tún sọ ti Umama, ọmọ Sainabu ọmọ Ànábì, pé Ànábì gbé ọmọbìnrin náà kírun níṣojú gbogbo èèyàn: bó bá fẹ́ forí kanlẹ̀, á gbé e sílẹ̀; bó bá dìde, á gbé e padà. Wọ́n sọ ti ọkùnrin kan tó rí i tó ń fẹnu ko ọmọ ọmọ ẹ̀ lẹ́nu, tó ní òun bí mẹ́wàá òun ò ṣe irú ẹ̀ sí ọ̀kan rí, àti bí Ànábì ṣe wò ó, tó dá a lóhùn pé ẹni tí kì í ṣàánú, a kì í ṣàánú ẹ̀.

Alhaja ní, "Kí àwọn tó ń fi pàṣán lé ọmọdé kúrò ní mọ́ṣáláṣí lọ ka ìyẹn." Mo ní ṣé kí n bá wọn jíṣẹ́ náà? Wọ́n ní kí n má jẹ́ iṣẹ́ kankan. Mo ṣáà mọ àwọn tí wọ́n ń bá wí.

Ẹ rò pé Ìyá Ìjọ máa jẹ́ kó tán síbẹ̀? Ọ̀rọ̀ náà dé òkè kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú Bíbélì lábíyá, wọ́n ní ṣé Alhaja mọ̀ pé nígbà tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn Jésù ń jiyàn ta ló tóbi jù, ọmọ kékeré ló gbé sáàárín wọn? Alhaja ní àwọn mọ̀. Ìyá Ìjọ ní àti pé Kúdẹtì tí a jókòó sí yìí gan-an, ní 1853 tí òyìnbó míṣọ́nnárì Hinderer àti Anna ìyàwó ẹ̀ wá gbé Ìbàdàn, kì í ṣe àwọn jagunjagun ló kọ́kọ́ jókòó tì wọ́n. Ọmọdé ni. Olóyè Olúńlọ́yọ̀ọ́ kó ọmọ ẹ̀ méjì fún wọn, Yéjídé àti Akínyẹlé. Anna ò bímọ kankan, àmọ́ "Ìyá" làwọn ọmọ ń pè é. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin tó ń jẹ́ Yéjídé ní ìgboro yìí, ẹ rò pé látọ̀run ni orúkọ ẹ̀ ti já bọ́? Alhaja ní ọmọ àbúrò àwọn jáde níbẹ̀, wọn ò kọ́ ọ débẹ̀.

Ìyá Ìjọ rí i pé ó wọlé. Wọ́n wá fa èyí tó kù yọ. Wọ́n ní nínú gbogbo lẹ́tà Pọ́ọ̀lù, ìyá àgbà kan ṣoṣo ló dárúkọ: Loisi, ìyá àgbà Tímótì, pé ara rẹ̀ ni ìgbàgbọ́ ti kọ́kọ́ wà kí ó tó kan ọmọ. Wọ́n na ìka sí àyà ara wọn. Ibẹ̀ wá dákẹ́ lọ. Ìyàwó, nọ́ọ̀sì wa, ló ń fi omi nu ojú oorun lójú ọ̀nà, ó ní, "Mọ́mì, ṣùgbọ́n Gíríkì ni bàbá Tímótì, ìyá ẹ̀ ló jẹ́ onígbàgbọ́. Ṣé kì í ṣe pé ìyá ìyá ni Loisi báyìí?"

Háà! Alhaja ò sọ nǹkan kan o. Wọ́n kàn tún ìbòrí wọn ṣe. Wọ́n bu omi tútù fún Ìyá Ìjọ.

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń jókòó pa pọ̀ lálẹ́. Bí wọ́n bá rí nǹkan lára ọmọ yìí, wọ́n á pín in. Ti iná ìjọba, àwọn méjèèjì ló jọ ni ín. Ẹ ti gbọ́ bí àwọn ọmọdé ṣe máa ń pariwo "Ọ́ọ̀pù NEPA!" bí iná bá dé? Ẹ rò ó wò: láti 2005 ni orúkọ yẹn ti kúrò nílẹ̀, ọmọ tí kò tíì pé márùn-ún ló ń ké e. Ẹnì kan ò kọ́ ọ, afẹ́fẹ́ agboolé ló gbà á. Iná á dé, á fò sókè, á ká ìyá àgbà méjèèjì lọ́wọ́ jó. Iná á lọ, á jókòó sínú òkùnkùn, á máa bá eré ẹ̀ lọ. Ó tún dé, ó tún fò, bí ẹni pé kò dé rí láyé. Alhaja ní àwa, bí iná bá dé, èébú èyí tó ti lọ la fi ń pàdé ẹ̀. Mo ní ọmọ kì í san owó iná, ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ sí í san án ná. Wọ́n ní ẹnu mi ò dáa.

Ti táyà kẹ̀kẹ́ ńkọ́? Ìyẹn ò gba àlàyé púpọ̀. Òun àti ọmọ Ìyá Onígáàrì ja nítorí táyà, ọ̀kan bu ọ̀kan jẹ lápá. Kí ẹkún tó gbẹ wọ́n ti ń jọ yí táyà náà. Àwọn ìyá wọn tó bá wọn dá sí i, nọ́ọ̀sì wa àti Ìyá Onígáàrì, láti Àjíǹde di òní wọn ò tíì kíra wọn. Ẹ má wo ojú mi. Ohun tí ọ̀kan bá sọ ni mo ń sọ fún èkejì, n kò fi iyọ̀ sí i.

Èyí tó pa mí lẹ́nu mọ́ ni ti èèrà. Ọjọ́ Ìsinmi ni. Agogo àkọ́kọ́ ti lù. Ìyá Ìjọ ti wé, báàgì ti wà lápá, wọ́n fa bàbá lọ́wọ́, wọ́n dé abẹ́ igi máńgòrò yẹn. Ọmọ dúró, ó lóṣòó. Àwọn èèrà ló rí, wọ́n tò rẹrẹ lọ síbi gbòǹgbò, àwọn bíi mẹ́fà nínú wọn gbé ìyẹ́ eṣinṣin kan, ó ń fì, ó ń ṣubú, wọ́n tún ń gbé e. Ìyá Ìjọ ní, "Ọkọ mi, dìde, a ti pẹ́." Ó ní, "Ẹ wá wò ó." Wọ́n ní dìde. Ó ní ẹ wá wò ó. Agogo kejì lù. Mo ti ń retí àbàrá, torí pé Ìyá Ìjọ tí ẹ rí yẹn, wọ́n ti bá olórí akọrin wọn jà rí nítorí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ni wọ́n bá gbé báàgì kalẹ̀. Wọ́n ká ìró sókè, wọ́n lóṣòó tì í, tòun ti orúnkún yẹn. Wọn ò dìde títí ìyẹ́ fi wọ ihò.

Lálẹ́ ọjọ́ náà wọ́n wá ra ẹ̀pà lọ́wọ́ mi. Wọn ò rà á rí, eyín wọn ò gbà á. Wọ́n dúró. Wọ́n ní, "Ìyá Ẹlẹ́pà, ọmọ márùn-ún ni mo bí. Mo fi èlùbọ́ rán gbogbo wọn níléèwé, kò sí ẹni tó sùn pẹ̀lú ebi. Mò ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti sùn kí n tó dé. Mo ti ń rò ó láti àárọ̀. Ó ní láti jẹ́ pé wọ́n ní kí n wá wo èèrà rí. Ó ní láti jẹ́ pé mo ní kí wọ́n dìde, a ti pẹ́." N kò mọ èsì tí à ń fọ̀ sí irú ẹ̀. Mo bu ẹ̀pà fún wọn, mo fi ènì kún un, mo tún fi ènì kún ènì.

Mo wá rí i pé ohun tí àwọn arúgbó yìí ń pè ní ẹ̀kọ́, kì í ṣe pé ọmọ náà gbọ́n ju ọmọ ẹlòmíì lọ. Ọmọ Ìyá Onígáàrì náà ń wo èèrà. Ẹni tó máa dúró tì í ni kò sí. Ọjọ́ orí ló já àwọn ìyá yìí gbà lọ́wọ́ ọjà, tí wọ́n fi rójú lóṣòó.

Alhaja ò kọ́kọ́ mọ̀ sí ọ̀rọ̀ alẹ́ yẹn, èèrà nìkan ni wọ́n gbọ́. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ní Súrà kan wà nínú Àlùkùránì tó ń jẹ́ Èèrà, ìkẹtàdínlọ́gbọ̀n ni, pé Ànábì Sulaimọnu ń kọjá lọ pẹ̀lú ọmọ ogun ẹ̀, ó gbọ́ tí èèrà kan ń kìlọ̀ fún ẹgbẹ́ ẹ̀ pé kí wọ́n sá wọlé, kí ogun má baà tẹ̀ wọ́n pa láìmọ̀. Ọba ńlá náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Ìyá Ìjọ ní Sólómọ́nì kan náà ló wà nínú ìwé Òwe àwọn, òun ló ní kí ọ̀lẹ lọ bá èèrà kó kọ́ ọgbọ́n. Mo ní ṣé ẹ wá rí i, nínú ti Ìyá Ìjọ ọba ń rán ẹlòmíì lọ wo èèrà, nínú ti Alhaja òun fúnra ẹ̀ ló dúró gbọ́. Àwọn méjèèjì yíjú sí mi. Mo rò pé wọ́n fẹ́ bú mi. Alhaja ní, "Jókòó."

Àsìkò yẹn ni Ìyá Ìjọ sọ ti Élì, èyí tó ṣì ń yí nínú mi. Sámúẹ́lì kékeré sùn nínú tẹ́ḿpìlì, ẹnì kan ń pè é. Ó sáré lọ bá Élì, ó ní ẹ pè mí. Élì ní òun kọ́, padà lọ sùn. Ó di ẹ̀ẹ̀kẹta kí bàbá tó mọ ẹni tó ń pè. Wọ́n ní, "Ọmọ ló gbọ́ ohùn, kò mọ ohùn ta ni. Bàbá mọ ohùn ta ni, kò gbọ́ nǹkan kan. Bí wọn ò bá jọ gbé ilé kan náà, ọ̀rọ̀ náà ì bá ti kọjá lọ lóru ọjọ́ náà." Alhaja ní hùn. Wọ́n ní ìyẹn náà dáa. Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ fún Ìyá Ìjọ rí.

Ṣé ẹ ti ń rò pé wọ́n ti di ẹni mímọ́? Ẹ dúró gbọ́ ti ọjọ́ Sátidé tó kọjá.

Ìyá Ìjọ jókòó, wọ́n gba ohùn sílẹ̀ lórí WhatsApp fún ẹgbẹ́ àwọn ìyá, ọ̀rọ̀ Élì àti Sámúẹ́lì yìí kan náà, ó gùn, mo gbọ́ gbogbo ẹ̀. Wọn ò tíì fi ránṣẹ́ tí ẹnì kan fi pè wọ́n lẹ́nu géètì. Wọ́n gbé fóònù lé àga. Nígbà tí wọ́n padà dé, fóònù ò sí. A wá a, a pè é, kò dún. Ni mo bá rí bàbá kékeré níbi ìkòkò ògì tí wọ́n rẹ sílẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ funfun dé ìgúnpá. Wọ́n ní níbo ni fóònù wà? Ó ní ó gbóná. Ó ní òun fi wẹ̀ kí ara ẹ̀ lè balẹ̀.

Ìyá Ìjọ bọ́ sálúbàtà. Ìyá Ìbejì, bí ẹ bá rí bí orúnkún yẹn ṣe sáré! Ọmọ ti já sí ìsàlẹ̀, ó wọ abẹ́ ìbòrí Alhaja lọ. Alhaja gbé ojú sókè láti orí ẹní, wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ó ń kírun." Mo bá dá a sílẹ̀ láti ìdí ẹ̀pà mi, mo ní, "Ìyá Ìjọ, ẹ̀kọ́ wo la máa rí kọ́ nínú èyí?" Wọ́n wò mí. Wọ́n wo sálúbàtà ọwọ́ wọn. Mo gbé agbọ̀n mi wọlé.

Wọ́n ri fóònù náà mọ́nú ìrẹsì, ìrẹsì Alhaja ni. Ó ti jí, àmọ́ ohùn Ìyá Ìjọ inú ẹ̀ ti rin, àwọn ẹgbẹ́ wọn ní àwọn ò gbọ́ ju "Élì, Élì" lọ. Ìrẹsì yẹn ni wọ́n sè lọ́jọ́ Ajé, wọ́n bu tèmi wá. Ó ń ta ògì díẹ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹran wà níbẹ̀.